Ẹ Má Sọ Gbogbo Lagos Island Di Ṣọ́ọ̀bù

Sí olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Lagos Island ni mo fẹ́ bá yín sọ, láti Tinubu lọ dé Bamgbose, Campos, Lafiaji, títí kan Ìsàlẹ̀ Èkó fúnra ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ tún ìgboro yẹn ṣe, ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ títì, ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa páàkì mọ́tò sí ni mo máa ń gbọ́, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan bèèrè pé àwọn tó ń sùn níbẹ̀ ńkọ́. Àwa kan ṣì ń sùn níbẹ̀ o. A ò pọ̀ bíi tàtijọ́ mọ́, àmọ́ a wà.

Oníṣòwò ni mí, lésì àti áńkárá ni mò ń tà ní Balógun, torí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra ọjà. Ọjà yẹn ni mo fi rán àwọn ọmọ mi níléèwé. Ohun tí mò ń wí ni pé ọjà ti fẹ́ jẹ ilé tán, tí kò bá sì sí ilé mọ́, a ò lè pe ibẹ̀ ní ìlú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí bí Marina àti Broad Street ṣe rí. Ọ́fíìsì ló kún ibẹ̀. Kingsway wà ní Marina láti 1948, Leventis náà wà níbẹ̀, wọ́n ti kógbá wọlé tipẹ́ àmọ́ àwọn kọ̀ndọ́ bọ́ọ̀sì ṣì ń pe "Leventis, CMS" dòní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn ò bí nígbà tí ilé ìtajà yẹn wà. Àwọn báǹkì àti ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá lọ sí Victoria Island níkọ̀ọ̀kan, nígbà tó di December 1991 ìjọba àpapọ̀ kó olú ìlú lọ Abuja. Kì í ṣe gbogbo wọn ló lọ o, àwọn báǹkì ńlá kan ṣì wà ní Marina, àmọ́ àwọn ọ́fíìsì tó ṣófo ò lóǹkà. Independence House tó jẹ́ alájà 25, tí wọ́n kọ́ nítorí òmìnira wa, jóná ní 1993, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dúró gbagidi síbẹ̀ lófìfo. Àwọn tó nilé wá rí i pé tí wọ́n bá gé ìsàlẹ̀ ilé sí ìsọ̀ kéékèèké fún àwa ọlọ́jà, owó tó ń wọlé ju ti ọ́fíìsì lọ. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọ́fíìsì ló ti wá bọ́ sínú ilé àwọn bàbá wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń lọ, torí àwọn tó ń gbé òkè odò rò pé katakata kàn wá ń wó ilé lójijì ni. Yàrá iwájú nísàlẹ̀, èyí tó kọjú sí títì, ni wọ́n máa kọ́kọ́ yá ẹni tó ń ta bàtà. Owó ọdún méjì ló máa san lẹ́ẹ̀kan náà, owó yẹn sì lè ju èyí tí gbogbo tẹ́náǹtì òkè ń san lápapọ̀ lọ. Wọ́n á fọ́ fèrèsé, wọ́n á gbé ilẹ̀kùn irin sí i. Tó bá ṣe díẹ̀ pálọ̀ á di stóò. Tẹ́náǹtì tó bá kó jáde lókè, wọn ò ní wá ẹlòmíì tó máa sùn síbẹ̀ mọ́, ẹni tó máa kó ẹrù sí i ni wọ́n ń wá, torí ẹrù kì í pọnmi, kì í yàgbẹ́, kì í bá lańlọ́ọ̀dù jà nítorí iná. Páálí bàtà tó wá láti China á gba gbogbo àtẹ̀gùn, débi pé ìyá àgbà tó ń gbé lókè á máa fẹ̀gbẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin á wà ní báńkónì, èéfín á máa wọ yàrá, ọ̀sán ò dáa, òru ò dáa, títí ọmọ ẹ̀ á fi wá mú un lọ sí Ìkòròdú. Ìgbà yẹn ni ẹni tó fẹ́ kọ́ plaza á wá yọjú.

Á ní kí ẹbí gbé ilẹ̀ sílẹ̀, òun á fi owó òun kọ́ ọ, òun á máa gba rẹ́ǹtì fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà sọ́wọ́ wọn, òun á sì yọ ṣọ́ọ̀bù díẹ̀ fún wọn báyìí. Mo ti jókòó nírú ìpàdé ẹbí bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá mi sọ pé inú ilé yìí ni wọ́n bí òun sí, òun ò fẹ́ kí wọ́n wó o lójú òun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa tún òrùlé ẹ̀ ṣe?" Bàbá ò rí nǹkan kan sọ. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan sọ, torí òrùlé ọ̀hún ń jò lóòótọ́, ògiri ti lanu, a ti lé ní ogójì tó ni ín, báǹkì wo ló máa yá irú ilé bẹ́ẹ̀ lówó? Mi ò lè bú àwọn tó fọwọ́ sí i. Àmọ́ ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ohun tó ṣe Ilojo Bar ní Tinubu náà nìyẹn. Láti 1855 ni àwọn Fernandez ti kọ́ ọ, irú ilé táwọn Àgùdà kọ́ nígbà tí wọ́n dé láti Brazil, ẹbí Olaiya rà á ní 1933, ní 1956 ìjọba kéde pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni. September 11, 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀. Gbogbo èèyàn pariwo, wọ́n bú àwọn tó ni ín, àmọ́ kí ló máa ń wà nínú irú ìkéde bẹ́ẹ̀ fún onílé ju pé kó má fọwọ́ kàn án? Ẹ ò lè sọ fún èèyàn pé ilé ẹ ti di ti gbogbo wa kẹ́ ẹ wá fi gbèsè ẹ̀ lé e lórí nìkan.

Àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni ò wó náà ń wó fúnra wọn. Ṣé a ti gbàgbé Ìta Fàájì ní March 13, 2019 ni? Ilé alájà tí ọmọ ń kàwé sí lókè ló wó lulẹ̀, ó tó ogún ẹ̀mí tó lọ síbẹ̀. Iná Balógun ti January 2020 ńkọ́, tí gbogbo ayé rí fídíò ẹ̀. Níbi tí ẹrù bá ti dí àtẹ̀gùn, tí tábìlì ọjà dí títì, ibo ni mọ́tò paná-paná fẹ́ gbà?

Ọ̀rọ̀ àṣà wá nìyí, òun ló mú mi kọ̀wé yìí gan-an. Inú mi dùn sí Freedom Park tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n àtijọ́ Broad Street ṣe ní 2010, inú mi dùn sí John Randle Centre ní Oníkan, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ̀yọ̀ kì í jáde láti inú mùsíọ́ọ̀mù. Láti inú ìga, ìyẹn ilé àwọn ìjòyè Èkó, ló ti ń jáde, ìga kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, a máa ń mọ̀ wọ́n nípa àwọ̀ àkẹtẹ̀ tí wọ́n dé, àwọn ọmọ ilé ló sì ń gbé aṣọ wọ̀. Tí ìga bá di plaza, táwọn ọmọ ilé ti fọ́n ká sí Ajah àti Ìgándò, ta ló máa kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀pámbàtà, ọ̀pá Ẹ̀yọ̀? Fanti carnival ti Easter náà, Campos ń jáde, Lafiaji ń jáde, Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó ń jáde, àdúgbò ló ni ín. Báyìí ọ̀pọ̀ wọn máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti ọ̀nà jínjìn wá ṣe carnival àdúgbò tí wọn ò gbé mọ́.

Ìjọba kan sì lè ní òun fẹ́ tún un ṣe, kó wá lé àwa tó kù. Ní Salvador ní Bahia, ní Brazil, ibi tí púpọ̀ nínú àwọn Àgùdà wa ti wá, ìjọba tún àdúgbò àtijọ́ tó ń jẹ́ Pelourinho ṣe láàárín ọdún 1990 sókè, ilé aláràbarà gbogbo dán gbinrin, àmọ́ wọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tálákà tó ń gbé ibẹ̀ lówó táṣẹ́rẹ́ pé kí wọ́n máa lọ, ni ibẹ̀ bá di ti àwọn tó ń wá wòran. Nígbà tó yá àwọn tó kù jà, kí ìjọba tó gbà kí wọ́n dúró. Kí àwa má dúró dìgbà yẹn.

Tréènì Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ láti Marina dé Mile 2 ní September 4, 2023 dáa púpọ̀, èmi náà ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó lè kó wa wá láàárọ̀ kó sì kó wa lọ nírọ̀lẹ́, tí gbogbo Broad Street á ṣókùnkùn tó bá di aago mẹ́jọ, àfi mọ́gàdì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ ìjọba Èkó ò le. Ilé àtijọ́ tí èèyàn bá ṣì ń gbé lókè ẹ̀, kí wọ́n fojú fo Land Use Charge ẹ̀, ìyẹn owó orí ilé, kí wọ́n sì ya owó sọ́tọ̀ tí ẹbí lè yá láti fi tún òrùlé àti ògiri ṣe, kí wọ́n máa fi rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ san án padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ plaza, kó fi àjà méjì òkè ṣe fúláàtì, kó sì jẹ́ pé ọmọ ilé ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi lọ̀. Àwọn ọ́fíìsì tó ṣófo ní Broad Street, kí wọ́n fa omi àti iná sí i, kí àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti àwa ọlọ́jà rí yàrá háyà níbẹ̀. Kí àwọn tó ń yẹ ilé wò sì wá ka iye àtẹ̀gùn tí ẹrù ti dí, tèmi náà wà níbẹ̀ o, kí wọ́n wá wò ó.

Èmi ni tiyín,
Ìyá oníléèsì, Balógun, Lagos Island