Ọmọ mi, wá ìdí abájọ òfin tí o rí yẹn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn gan-an pé ìṣirò ti wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ o kọ ọ́ pé òfin tí o rí kò lè kùnà mọ́, torí pé gbogbo nọ́ńbà tó gbé jáde fún ọ ló jẹ́ prime, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, rò bí o ṣe rò yìí gẹ́lẹ́. Ó mú 2. 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256, 256 lọ́nà 256 jẹ́ 65,536. Ó fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rí 3, 5, 17, 257 àti 65,537. Prime ni gbogbo wọn. Ó wá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ láéláé.

Èyí tó tẹ̀ lé wọn ni 4,294,967,297. Ẹni tó bá fẹ́ fi pípín lásán dán an wò, prime tó máa ní láti fi pín in wò lé ní 6,500. Ta ló fẹ́ fọwọ́ ṣe ìyẹn tán?

Ní 1732, Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, sọ ọ́ síta pé 641 pín in láìṣẹ́kù, 6,700,417 ló sì jáde. Euler kan náà ló fi ẹ̀rí hàn pé prime yòówù tó bá máa pín nọ́ńbà yìí, bí a bá yọ 1 kúrò lára rẹ̀, 64 gbọ́dọ̀ pín ìyókù. Wo bí iṣẹ́ ṣe fúyẹ́! Bẹ̀rẹ̀ láti 65, máa fi 64 kún un, kí o sì fo èyí tí kì í bá ṣe prime. 193 kò pín in. 257, 449 àti 577 náà kò pín in. Èyí tó kàn ni 641.

Nítorí náà, má ju òfin tìrẹ nù, ṣùgbọ́n má tíì búra fún un. Jókòó tì í, kí o bi í ní ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Títí di òní, kò sẹ́ni tó tíì rí prime mìíràn lórí ìlà Fermat yẹn lẹ́yìn 65,537, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì lè fi ẹ̀rí hàn pé kò sí mọ́. Àwọn onímọ̀ kò sì tíì pa ìwé rẹ̀ dé.

Iṣẹ́ kan rèé fún ọ. 641 jẹ́ 128 lọ́nà 5, ká fi 1 kún un. Ó tún jẹ́ 625 tí a fi 16 kún. Fi méjèèjì sún mọ́ra, wàá rí ìdí tí 641 fi pín nọ́ńbà ńlá yẹn láìjẹ́ pé o ṣe pípín gígùn kankan. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi bó bá ti yé ọ.

Èmi ni,
Màmá rẹ