Lẹ́tà sí ìyá orangutan kan, ìnàkí ńlá onírun pupa, ní igbó erékùṣù Borneo ní Éṣíà

Ìyá wa,

Ẹ ò mọ̀ mí, èmi náà ò sì rí yín rí. Eyín ọmọ yín ni mo fi mọ̀ yín. Ó wà lára àwọn orangutan mẹ́rin tí egungun wọn wà ní mùsíọ́mù, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Tanya Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ eyín wọn wò, tí wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 2017.

Ojoojúmọ́ ni eyín tó ń dàgbà máa ń ní ìlà tuntun, bí ẹni ń mọ ilé alámọ̀ ní ipele-ipele. Ọjọ́ ìbí pàápàá ní ìlà tirẹ̀. Báríọ́mù, èròjà kan tó wà nínú omi ọmú, jọ kálísíọ́mù tó ń mú egungun àti eyín le, débi pé ara ọmọ máa ń fi mọ eyín. Nínú oyún, díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọmú ló ń gbé púpọ̀ wá. Wọ́n fi ìtànṣán léésà họ eyín ní bíńtín-bíńtín, ẹ̀rọ sì wọn báríọ́mù ìlà kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún 2013 ni wọ́n ti fi ọ̀nà yìí wo ọmọ Neanderthal kan, irú ènìyàn àtijọ́ tó ti parẹ́, láti ihò àpáta Scladina ní Bẹ́ljíọ́mù. Ọmú nìkan fún oṣù 7, ọmú pẹ̀lú oúnjẹ fún oṣù 7 mìíràn, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró lójijì. Àánú ọmọ yẹn ṣì ń ṣe mí.

Ti ọmọ yín kò rí bẹ́ẹ̀. Báríọ́mù ga lọ́dún àkọ́kọ́, ó rọlẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èso, ó tún gòkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Igi Borneo kì í so déédéé. Bí èso bá ti wọ́n, ọmọ á padà sí ọmú. A ti rí irú yín tó mu ọmú kọjá ọdún 8! Ebi yẹn kan náà sì ń pa ẹ̀yin fúnra yín. Ọ̀rá ara yín lẹ ń jẹ, síbẹ̀ ẹ ò lé e. Àwọn tó ń wò yín láti ilẹ̀ kò lè rí èyí dáadáa, torí òkè igi lẹ wà, inú ìtẹ́ lóru ni ọmọ sì ti ń mu.

Ìdí nìyí tó fi ń tó ọdún 7 tàbí 8 kí ẹ tó bí òmíràn, tí ẹni tó bá kú nínú yín kì í sì í tètè ní àrọ́pò. Wọ́n ń gé igbó yín láti gbin ọ̀pẹ, igi tó ti ilẹ̀ tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà débẹ̀. Ó dùn mí gan-an, ìyá.