Àwòrán ojú fóònù kò tó fún àkójọ ìtàn kọ̀ǹpútà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́.

Àpilẹ̀kọ yín tó rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ifásitì pé kí wọ́n máa ṣa ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn oníkọ̀ǹpútà jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bọ́ sí àsìkò. Ibi tí n kò ti gbà pẹ̀lú yín ni ibi tí ẹ ti ní kí wọ́n máa ya àwòrán ojú fóònù (screenshot) pamọ́. Àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dá lóhùn, kì í sì í sọ ohun tó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ wo ìtàn àfòpiná Harvard, kòkòrò tó há sínú kọ̀ǹpútà ní ifásitì náà. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé Grace Hopper, obìnrin onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ló bá a nínú kọ̀ǹpútà Mark II. Àfòpiná wà lóòótọ́: ní 1947 ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́, ìwé náà sì wà ní Smithsonian, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amẹ́ríkà, títí di òní. Ṣùgbọ́n Hopper kọ́ ló rí i. Òun ló kàn fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Fún olùwádìí, ẹ̀dà tó yà kúrò lójú òtítọ́ kì í ṣe pàǹtí. Ìgbà wo ni orúkọ Hopper wọ inú ìtàn náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó rí i, ẹnu ta sì ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ ọ? Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Lórí Usenet, ètò ìjíròrò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n pilẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1979, tí irú ìtàn báyìí sì pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ìjíròrò rẹ̀ tó ń jẹ́ alt.folklore.computers, gbogbo lẹ́tà ló ní From (ẹni tó kọ ọ́), Date (déètì) àti Message-ID (àmì ìdánimọ̀ lẹ́tà náà) lórí; èsì sì tún máa ń ní References. References ló ń tọ́ka sí àwọn lẹ́tà tí ó ń fèsì sí. Odindi fáìlì ni kí wọ́n tọ́jú; bí wọ́n bá da ara lẹ́tà nìkan kọ, okùn ìjíròrò ti já nìyẹn. Kí wọ́n má gbọ́kàn lé Date pátápátá, nítorí aago kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́ ló sábà máa ń fi í síbẹ̀, aago sì lè ṣì. Bí èsì bá ní déètì tó ṣáájú ìbéèrè, References ni kí wọ́n tẹ̀ lé.

Ohun tó ń da ìṣirò rú jù ni ìlà tó bá fi àmì > bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n fà yọ ni. Bí wọn kò bá yọ ọ́ sẹ́yìn kí wọ́n tó kà, ìtàn tí ẹnì kan sọ lẹ́ẹ̀kan á dà bí èyí tí ènìyàn mẹ́wàá sọ. Orí ẹ̀dà kejì ni kí wọ́n ti ṣe èyí. Kí wọ́n gba SHA-256 ti fáìlì àkọ́kọ́ sílẹ̀, ìyẹn àmì tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú fáìlì, tó máa ń yí padà bí fáìlì bá yí padà, kí wọ́n má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìtàn tí wọ́n fi Yorùbá kọ tún ní wàhálà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú álífábẹ́ẹ̀tì tó ní àmì lábẹ́ àti lórí, bíi ọ́, ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ, ojú kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Kí wọ́n sọ ẹ̀dà iṣẹ́ di NFC, ìlànà tó ń sọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí di ẹyọ kan, kí wọ́n tó wá ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì tún wá a láìsí àmì, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí i.

Ní ti orúkọ àwọn tó kọ lẹ́tà, kí wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, kí ìwé tó tú nọ́ńbà náà sì wà níbòmíràn. Síbẹ̀, gbólóhùn tí wọ́n bá tẹ̀ jáde bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni lè fi Google wá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́, nítorí náà kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.