Tábìlì ẹ̀rọ kì í ṣe tábìlì oúnjẹ

Olóòtú mi,

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra ẹ̀rọ lathe àlòkù sílé, ẹ̀rọ tó ń yí irin bí a ṣe ń gé e. Orí tábìlì pákó lásán ni mo gbé tèmi lé. Bí mo bá ti tàn án, gbogbo rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni ibà mú, ojú irin tí mo gé á rí gbágungbàgun. Ẹ̀rọ ni mo ń bú!

Mo wá jó irin angle, irin tó ṣẹ́ bíi lẹ́tà L, ṣe ẹsẹ̀ tábìlì tuntun, mo fi pákó ìrókò oníńṣì 3 ṣe orí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àpáta ni tiwa, ẹsẹ̀ kan ò kanlẹ̀. Ara ẹ̀rọ bá lọ́, ọ̀pá tí mo gé tóbi lórí kan ju èkejì lọ. Pẹlẹbẹ irin tí ò nípọn ju èékánná lọ ni mo ki bọ abẹ́ ẹsẹ̀ náà, ó tó.

Ìyàwó mi ní tábìlì náà ti wúwo jù. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, kó má baà gbọ̀n mọ́.

Ajórin kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì