Ìdí tí àwọn onígìtá béèsì fi máa ń béèrè Ampeg: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àdúrótì wa. Ìbéèrè kan kì í tán nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìbàdàn, pàápàá lẹ́nu àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n wá ra amplifier (ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ròkè) fún onígìtá béèsì wọn: kí ló dé tí ọmọ náà kọ gbogbo èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tó jẹ́ pé Ampeg nìkan ló ń dárúkọ? Àwọn kan rò pé orúkọ lásán ló ń lé kiri. Mo kọ ìwé yìí láti fi yé yín pé ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló ń sọ, nítorí pé èmi tí mo ń tú inú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí rí ìdí rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó ń lu béèsì ló dá Ampeg, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe amplifier, sílẹ̀. Everett Hull ni orúkọ rẹ̀, òun àti Stanley Michael ni wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Béèsì onígi gíga tí ènìyàn ń dúró lù ni tirẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì jáde láàárín fèrè àti ìlù. Ó wá ki ẹ̀rọ tó ń gba ohùn bọ inú irin tí béèsì náà fi ń dúró nílẹ̀. "Peg" ni wọ́n ń pe irin yẹn, ibẹ̀ ni orúkọ Ampeg ti jáde. Ní ọdún 1960 wọ́n gbé amplifier B-15 jáde, iṣẹ́ ọwọ́ Jess Oliver, èyí tí James Jamerson tó ń lu béèsì fún ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Motown ní Detroit lò. Ọ̀kan ti wá sọ́wọ́ mi rí fún àtúnṣe: bí mo ṣe tú àwọn ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí mo dojú ìdérí rẹ̀ sókè, gbogbo ẹ̀rọ náà dìde pẹ̀lú ìdérí, àwọn fáàfù rẹ̀, ìyẹn àwọn dígí tó ń mú ohùn ròkè, sì nàró bí àbẹ́là. N kò tíì rí àpótí tí wọ́n fi ọgbọ́n kàn tó bẹ́ẹ̀.

Okùn tó nípọn jù lára béèsì olókùn mẹ́rin máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Afẹ́fẹ́ tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ní láti tì pọ̀ gan-an, amplifier tí wọ́n ṣe fún ohùn ènìyàn kò sì lè tì í. Nígbà tí Ampeg ṣe amplifier SVT ní ọdún 1969, wọ́n fún un ní wáàtì 300 àti fáàfù 14, wọ́n sì ṣe àpótí tí sípíkà mẹ́jọ oní-ínǹṣì 10 wà nínú rẹ̀. Àpótí náà dì pa, kò ní ihò kankan, nítorí náà afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń fa ojú sípíkà padà sáyè rẹ̀ ní kíákíá. Bí mo bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú rẹ̀ bí ẹnì kan ṣe ń ta okùn, mo máa ń mọ ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti parí gan-an; kì í fà gbọ̀ọ̀rọ̀ wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e.

Fáàfù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó rí bíi gílóòbù dígí, ó sì máa ń pọ́n bí iná bá wọ̀ ọ́. Tí agbára bá fẹ́ pọ̀ jù fún un, kì í gé ohùn lójijì. Ṣe ló máa ń rọra tẹ orí rẹ̀ ba, tí yóò sì fi àwọn ohùn kéékèèké tó ga ju ìyẹn lọ kún un. Nínú orin tiwa, níbi tí gángan, àkúbà àti kíbọ́ọ̀dù ti gba àyè, àwọn ohùn kéékèèké wọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí béèsì sọnù. Amplifier olówó pọ́ọ́kú, bí a bá tẹ̀ ẹ́ kọjá agbára rẹ̀, a máa dún bí aṣọ tó ń ya.

Àmọ́ SVT wúwo. Àpótí sípíkà rẹ̀ nìkan lé ní kílò 60, nítorí náà ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sóde àríyá kò nílò rẹ̀. Ampeg ní àwọn tó fúyẹ́, a ó sì fi wọ́n hàn yín. Púpọ̀ nínú àwọn tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, fóòlìtì 120 ni wọ́n ṣe wọ́n fún, bẹ́ẹ̀ 230 ni iná tiwa. Mo jó ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi nítorí pé n kò wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó kì í bọ iná, ó sì dùn mí títí dòní. Láti ìgbà náà, kò sí èyí tó ń jáde lọ́dọ̀ wa tí a kò yẹ iná rẹ̀ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tan èyí tó jẹ́ oní-fáàfù láé láìjẹ́ pé ẹ ti so ó mọ́ sípíkà. Tiransifọ́mà rẹ̀ lè jóná.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí onígìtá béèsì yín bá yín wá, kí ó gbé gìtá tirẹ̀ dání. A ó gbé Ampeg àti èyí tó dínwó kalẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò sì ta okùn tó nípọn yẹn lórí méjèèjì títí ẹ̀yin náà yóò fi gbọ́ ọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùdásílẹ̀ ilé ìtajà