Gèlè rẹ̀ la rí, a ò rí iṣẹ́ rẹ̀

Sí Olóòtú,

Okun o! Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó fẹ̀yìn tì nídìí ètò àwọn òṣèré lórí tẹlifísọ̀n. Mo kà á tán, mo tún un kà. Gèlè rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọkọ tó fẹ́ àti èyí tó kọ̀ wà níbẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe ni mi ò rí.

Ó dùn mí torí mo mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Èmi ni mò ń gbé wáyà àti bátìrì tẹ̀lé irú wọn kiri nígbà tí Kàbà ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ ní 1991. Lọ́jọ́ kan, èmi àti Àǹtí kan tó ń ṣe atọ́kùn ètò wa lọ sí Bùnú, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń hun aṣọ. Ẹni tó ń ya àwòrán ti to kámẹ́rà tán, ó ń kánjú torí bátìrì. Àǹtí ò dá a lóhùn. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń bá ìyá tú òwú tó lọ́ mọ́ra. Ó tó wákàtí kan kó tó la ẹnu bi í pé, "Ìyá, ta ló kọ́ yín?"

Ìyá dákẹ́. Ó sunkún díẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ: ìyá rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀, títí dé orí ẹni tó ti kú kí wọ́n tó bí òun. Bíírò ni Àǹtí fi ń kọ wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́. Orúkọ mẹ́fà ni a rí kí bátìrì tó kú.

Téèpù yẹn dà? Ilé iṣẹ́ wa ti ká eré bọ́ọ̀lù lé e lórí. Téèpù wọ́n nígbà náà.

Ìwà ká máa wo ojú, ká gbàgbé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Tíṣà ni Mary Hart ní South Dakota kó tó di ẹni tó ń ṣe atọ́kùn Entertainment Tonight, ètò àwọn òṣèré lórí tẹlifísọ̀n ní Amẹ́ríkà, láti 1982 títí di 2011. Kí ni ayé ń gbé kiri nípa rẹ̀? Pé wọ́n ṣe ìnṣọ́ránsì mílíọ̀nù dọ́là kan fún ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan! Nílé níbí náà, bí a bá dárúkọ Anike Agbaje-Williams, ojú tó kọ́kọ́ hàn lórí tẹlifísọ̀n WNTV n'Íbàdàn ní 1959 la máa ń sọ. Ojú ṣá. Ohùn ńkọ́?

Bí Nike Okundaye, ọmọ Ògìdì wa ní Ìjùmú, bá ń sọ̀rọ̀ àdìrẹ lórí tẹlifísọ̀n, gbogbo wa á máa pàtẹ́wọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bi í ní ìbéèrè tó fa ọ̀rọ̀ yẹn jáde, ta ló mọ̀ ọ́n?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa rẹ̀ yẹn. Ẹ bi í léèrè òṣèré tó kọ̀ tí ò dá a lóhùn, àti ohun tó ṣe tí onítọ̀hún fi wá yanu. Ẹ bi í ibi tí ìwé tó ń kọ ìbéèrè rẹ̀ sí wà. Bó bá jẹ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, ẹ bá a fà á jáde.

Èmi,
Agbéwáyà tẹ́lẹ̀, Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí