Ìpàdé Ìrántí Quiz Bowl Wa, Sátidé Tó Ń Bọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ẹ̀yin ará tíìmù wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìpàdé ti dé o, Sátidé tó ń bọ̀ yìí lórí Zoom, aago kan ọ̀sán ní Chicago, ẹ̀yin tó wà ní London àti Nàìjíríà aago méje alẹ́ ni tiyín. A fẹ́ jókòó rántí gbogbo ọdún tá a fi ṣe quiz bowl, ìdíje ìbéèrè láàárín tíìmù méjì tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì ló ń dáhùn, nígbà tá a wà ní yunifásítì l'Amẹ́ríkà níbí, ká gbà á sílẹ̀ fáwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

Èmi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n ń ka ìbéèrè kan lọ, wọn ò tíì dárúkọ ìlú kankan, bí mo ṣe gbọ́ "Ọ̀yọ́ Mèsì" báyìí mo ti tẹ bọ́tìnì, máàkì 15 ló wọlé dípò 10 torí mo tètè dáhùn, ká ní mo ṣì í ni, wọn ì bá yọ 5 lára tiwa. Omi ayọ̀ bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà, torí ìtàn ilẹ̀ wa ni wọ́n béèrè, bẹ́ẹ̀ ọba ilẹ̀ Yúróòpù la máa ń há sórí ṣáá.

Kí kálukú mú ìtàn kan wá, àti fọ́tò, àti ìwé nóòtù àtijọ́ tó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń bọ̀ kó fèsì síbí kí Ọjọ́bọ̀ tó parí, ẹni tí ò bá ráàyè kó bá wa fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú méjì tó. Ẹ ṣé o.